Igi Máńgòrò Tó Ń Gbé Ohùn Mì

Gàfárù àbúrò mi,

Mo ti pé ọgọ́rin ọdún, n kò gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, má sọ pé kí n máa bọ̀ nílé. Ara mi le. Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ìwé yìí, ó kàn wù mí ni.

Àwọn sójà wá gé igi máńgòrò mi ní Songon tí mo ń gbé níbí, ìdí rẹ̀ ni mo ri ibi àwọn ọmọ mi mọ́. Wọ́n ní òpó rédíò wọn àti èkejì lódìkejì ọ̀sà gbọ́dọ̀ máa rí ara wọn, ewé igi mi ló ń gbé ohùn mì. Mo fi ọmọ odó la orí ọ̀gá wọn, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. Sójà kan fi ìdí ìbọn gbá mi lápá ọ̀tún, egungun dún. Ni ẹni tó gbá mi náà bá jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún, ó ní:

"La vieille, ìyá àgbà, Kàmíl àbúrò mi tó jẹ́ sójà pè wá lórí rédíò láti òdìkejì ọ̀sà nígbà tí adigunjalè ká òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Ohùn rẹ̀ kò dé. Wọ́n dúńbú un pẹ̀lú rédíò lọ́wọ́."

Mo ní kí wọ́n gé e.

Àdìzátù ẹ̀gbọ́n rẹ kí gbogbo ilé. Àgbò tí o jẹ mí ní gbèsè láti ìgbà ìsìnkú bàbá wa, pa á ní Jímọ̀, fi ṣe sàráà fún Kàmíl.