Aṣọ Tí A Kó fún Àwọn Tó Sùn sórí Iyanrìn

Adùnọlá ọmọ mi,

Ṣé ara yín le ní Sùúrùlérè? Ọkọ rẹ ńkọ́? Mobọ́lá ńkọ́, ṣé eyín rẹ̀ ti yọ? Olúwa kò ní jẹ́ kí ẹ rí ohun tí ẹ ò lè ròyìn fún wa. Àwa náà wà, àfi ewúrẹ́ mi tó jẹ ìwé orin mi dé ìdajì, ṣùgbọ́n ohun kékeré nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ọmọ mi, ojú ń tì mí. Ìwé aláwòrán méjì tí o fi ránṣẹ́, pé kí n fi yan òtẹ́ẹ̀lì tí a máa dé sí ní erékùṣù tí ẹ fẹ́ fi owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù yín gbé mi lọ, mo yẹ̀ wọ́n wò dáadáa. Èyí tó wà lórí òkè dára, wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sínú ilé bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n èyí tó wà létí òkun, háà! Èèyàn bíi mẹ́rìnlá ló sùn gbalaja sórí iyanrìn lọ́sàn-án gangan, aṣọ ara wọn kò ju ìnujú lọ, gbogbo wọn fi awò dúdú bojú. Mo ní yàrá ló kún tí wọ́n fi lé wọn síta, olè wá kó aṣọ wọn, Àpólò tún mú wọn lójú lé e. Mo sunkún.

Ìwọ náà mọ̀ pé nílé wa, àlejò kì í sùn síta. Mo gbé ìwé náà lọ fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn ń ké yéè, ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n sì kó aṣọ jọ. Àlùfáà gbàdúrà kí Olúwa fún wọn ní ibùgbé. Òun ni ẹrù tí dẹrẹ́bà lọ́rì já sí ọ́fíìsì yín ní Yaba, tí mo kọ “Fún àwọn tí olè jà létí òkun” sí lára. Ó ní àwọn akọ̀wé yí i ká, wọ́n ń kà á sókè, ìwọ sì sá wọlé.

Àná ni Mísì Rosaline, tíṣà ilé-ìwé wa, rí ìwé náà, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó ní olówó ni wọ́n, wọ́n sanwó kí oòrùn lè pa wọ́n ni. Mo ní ṣé olówó kò lè ra agbòòrùn ni? Ó ní agbòòrùn wà nínú àwòrán, wọn ò kàn fẹ́ bọ́ sábẹ́ rẹ̀ ni.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù. Àṣàbí, opó tó wà lẹ́yìnkùlé wa, ìró àti bùbá kan ṣoṣo tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ló mú sílẹ̀, ó ní òun ṣì ní òrùlé lórí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi wá, wọ́n ní ara rẹ̀ kò yá. Mo lọ kí i lánàá, ara rẹ̀ yá, ó ń fọ ìkòkò, aṣọ ni kò ní. Mi ò lè sọ fún un pé olówó ló bọ́ aṣọ fún. Mo lọ mú léèsì tí o rán fún mi nítorí ìrìn-àjò yìí, mo gbé e fún un, mo purọ́ pé ó fún mi jù. Ó wọ̀ ọ́ wá lónìí, ó sì dìde lójú ìjọ, ó ní ṣé àwọn ará etí òkun ti rí aṣọ gbà? Mo ní wọ́n ti gbà á. Nínú ilé Ọlọ́run!

Jọ̀wọ́, dá ẹrù náà padà kíá, kí n lè jẹ́wọ́ ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀ pẹ̀lú aṣọ àwọn ìyá lọ́wọ́. Ní ti òtẹ́ẹ̀lì, ẹ mú ti orí òkè, mi ò fẹ́ fojú kan àwọn tí mo sunkún fún. Kí o sì fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra aṣọ, torí mi ò ní ohun tí mo lè wọ̀ rìnrìn-àjò mọ́. Bí owó kò bá sí, ẹ kúkú mú ti etí òkun, kí n lọ sùn tì wọ́n.

Ojú kò ní tì ọ́ bó ṣe tì mí. Àṣírí yín á máa bò. Àmín.

Ìyá rẹ tó bí ọ.