Ibi tí O Ya Omi Sí

Ọmọ mi Adúmáadán,

O kú iṣẹ́ o, o kú làálàá ìgboro. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń sùn? Ṣé o ń jẹun kó tó tutù? Iṣẹ́ tí o fi ń jẹun kò ní jẹ ọ́. Àkàbà kò ní yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, pẹ́ńsùlù rẹ kò sì ní kán láàárín ilà, ní agbára Ọlọ́run.

Èmi náà wà, ara ń ta kébékébé, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò sí lójú kan. Láti ìgbà tí mo ti mú bírò yìí, mo ti dìde lẹ́ẹ̀mẹta. Mo lọ wo ìkòkò lórí iná, kò sí iná lábẹ́ rẹ̀. Mo lọ ti ilẹ̀kùn, ó ti wà ní títì tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta, mi ò mọ ohun tí mo lọ ṣe, mo kàn rí ara mi láàárín àwọn adìyẹ lẹ́yìnkùlé, àwọn náà sì ń wò mí.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Òrùlé yàrá bàbá rẹ tó ń jò, a ti pààrọ̀ páànù rẹ̀, ó ti wá ń jò níbòmíràn. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ojú ọ̀kan jọ tìrẹ nígbà tí o wà ní kékeré, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun rèé, àti pé ìwọ àti ọ̀gá rẹ lẹ jọ ń ya pílánù rẹ̀. Mo dúpẹ́, mo jó, lẹ́yìn náà ni àyà mi já. Ọmọ mi, ilé yẹn kéré. Orí tábìlì ló wà! Ife tíì tí ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ga jù ú lọ. Mo ní bóyá ó ṣì ń dàgbà ni. Káfíńtà tó múlé tì wá bá mi wò ó, ó ní rárá, pé ìjọba ń ṣọ́wó ná ni. Àwọn ènìyàn kéékèèké funfun tí ẹ tò síwájú rẹ̀ ńkọ́? Wọn ò lójú, wọn ò létí, wọn ò sì lẹ́nu. Mo bi káfíńtà pé ṣé àwọn aṣòfin náà nìyẹn, ó ní àwọn kọ́, ará ìlú nìyẹn, aṣòfin kì í fẹsẹ̀ rìn.

Àwòrán kejì, èyí tí ẹ yà sórí ìwé, tún já mi láyà. Ilé náà kò ní òrùlé! Láti òkè ni ènìyàn ti ń rí gbogbo inú rẹ̀, títí kan ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn yín, ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, rán ọ̀gá rẹ létí òrùlé kí òjò tó dé. Ẹ wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé náà pé ọ̀kan sí igba. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Aṣòfin kan sí igba ènìyàn, kò burú, yóò lè mọ orúkọ wa.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé gan-an nìyí. Àǹtí rẹ aránṣọ, àbúrò mi tó gbà ọ́ sọ́dọ̀ nígbà tí o wà nílé ìwé gíga, tí o máa ń sùn sábẹ́ tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ọ̀dọ̀ mi ló wà báyìí. Ó ti lé lóṣù kan. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé e wá, òun àti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ àti dígí gígùn tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn. Mo ní kí ló dé. Ó ní wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ilà méjì tó gba orí ara wọn kọjá sára ògiri òun, bí èyí tí tíṣà máa ń fà sí ohun tí ọmọ kò gbà. Mo bi í pé kí ni kò gbà, ṣé kò lè ṣe àtúnṣe kó gbé e padà fún wọn ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di omi lójú rẹ̀. Ó ní gbogbo àdúgbò náà ló gba àmì yẹn, láti ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ dé ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀, ìjọba fẹ́ kọ́ ilé ńlá síbẹ̀.

Ara mi bá gbóná. Mo mú fóònù, mo fi àwòrán yín hàn án. Ó wò ó pẹ́. Ó fi ìka tọ ojú títì, ó yà níbi tí báǹkì wà, ó ń ka ilé bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá dúró sójú kan. Kò sí yàrá rẹ̀ níbẹ̀. Omi lo yà síbẹ̀, Adúmáadán. Omi roboto, aláwọ̀ ojú ọ̀run, tó ń fò sókè. Káfíńtà ní irú omi bẹ́ẹ̀ kì í ṣe mímu, kì í ṣe fífọṣọ, fífò niṣẹ́ rẹ̀. Ní àdúgbò tí ẹ ti máa ń to kẹ́ẹ̀gì sídìí ẹ̀rọ omi kí ilẹ̀ tó mọ́!

Mo rò pé àǹtí rẹ yóò bú ọ. Kò bú ọ o. Ó ní ilà rẹ gún. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ń fi han gbogbo ẹni tó bá ń kọjá pé ọmọ òun ló yà á. Ó wá mú mi búra pé mi ò gbọdọ̀ sọ fún ọ pé òun ti kó kúrò, pé bí o bá gbọ́, ọwọ́ rẹ á máa gbọ̀n, wọ́n á sì lé ọ níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ló ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ síta, tí yóò máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ gìrì-gìrì-gìrì, kò sí òwú, kò sí aṣọ. Bí òun bá jókòó, èmi á dìde. Bí èmi bá jókòó, òun á dìde. Àga ilé yìí kò mọ ẹni tó ni ín mọ́.

Nígbà tó sú mi, mo purọ́. Mo ní mò ń lọ yẹ ojú wò nílé ìwòsàn, mo sì wọ ọkọ̀ wá sí ìgboro. Ìbínú ni mo gbé dání. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ sí ọ láti inú ọkọ̀, ó korò dáadáa. Mo dé àdúgbò náà, ìdajì rẹ̀ ti di àlàpà. Àtẹ̀gùn ilé kan dá dúró láìsí ilé, ó kàn ń gòkè lọ lásán. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọ. O dé akoto funfun, ìwọ àti ọ̀gá rẹ àti àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n tẹ́ ìwé sórí mọ́tò. O kúrò láàárín wọn, o lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà àǹtí rẹ, o fọwọ́ kan ìṣó tó máa ń fi aṣọ oníbàárà kọ́.

Mo wà lẹ́yìn ọkọ̀ oníyẹ̀pẹ̀, mo gbọ́ ohùn rẹ. O bi ọ̀gá rẹ pé ṣé ẹ ò lè sún omi yìí sẹ́yìn, kí ilé mélòó kan ṣẹ́kù. Ó ní mọ́tò àwọn aṣòfin gbọ́dọ̀ ríbi yí omi náà po. O tún béèrè. Ó ní ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ ni. O nu ojú, o ní eruku ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kó wá bá gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Mi ò pè ọ́, má bínú. Bí o bá rí mi, o máa bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí lójú ọ̀gá rẹ. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. O ríran, ọmọ mi. Mo rí i pé o ríran.

Mo délé, mi ò lè pa á mọ́ra, mo sọ fún àǹtí rẹ. Ó ní ṣé lóòótọ́ lo béèrè. Mo ní ẹ̀ẹ̀mejì, létí mi báyìí. Ó jókòó, kò dìde fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní ṣé o ń jẹun. Mo ní ṣòkòtò rẹ ti tóbi jù ọ́ lọ, bẹ́líìtì ló mú un. Ó ní báwo lo ṣe rù tó, mo fọwọ́ júwe, ó ní irọ́ ni. Láti àná la ti ń jà lórí ìbàdí rẹ.

Ó ku ẹ̀bẹ̀ díẹ̀. Mo gbọ́ pé àyè wà nínú ilé yẹn fún ará ìlú láti jókòó gbọ́ òfin. Bá wa fi àga kan sójú fèrèsé, kí àǹtí rẹ lè máa lọ wo ibi tó gbé tẹ́lẹ̀. Bá mi wá owó díẹ̀ pẹ̀lú, ojú tí mo purọ́ mọ́ ti ń dùn mí lóòótọ́. Má fi sínú fóònù o. Fóònù yìí já sínú garawa omi lọ́sẹ̀ tó kọjá, owó tó bá gba ibẹ̀ jáde á ti rin. Má sì fi sí báǹkì. Wọ́n ní kí n fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ náà ní èmi kọ́ ni èmi. Mo júwe ara mi fún un títí, kò gbà. Gbé e wá fúnra rẹ.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ lọ, yóò ṣọ́ ọ bọ̀. Ẹnu tí o fi béèrè kò ní rọ. Ibi tí wọ́n bá ti ń pàṣẹ, wọ́n á gbọ́ tìrẹ.

Àǹtí rẹ dúró lé mi lórí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ní òun ti tú mi sílẹ̀ nínú ìbúra yẹn, kí n sọ fún ọ pé kò sí aránṣọ gidi tó ń wọn ènìyàn láti òkèèrè. Ó ní kí o máa bọ̀, kí òun fọwọ́ ara òun wọ̀n ọ́.

Èmi ni, ìyá rẹ.