Ìka Tí Mo Tẹ̀ Síbi Méjì

Ìjòkó, Ọ̀tà.

Bùkúnmi ọmọ mi,

Ṣé o wà dáadáa l'Ábùjá? Iṣẹ́ ńkọ́? Bí o ṣe ń jáde láyọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wàá máa wọlé láyọ̀. Ìníolúwa ọmọ rẹ ń kí ọ, eyín iwájú rẹ̀ ti ká. Igbó tí a ti ń ṣẹ́gi ti di ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn rẹ̀ ti di yunifásítì, ilé ìwé ọmọ rẹ sì ti kún fún Ìgbò, Ùròbò àti Ègùn tí òbí wọn ń ṣiṣẹ́ ní Sángo.

Wọ́n fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi èdè ilé rẹ̀ kọrin lọ́jọ́ ìparí ẹ̀kọ́. Ṣóbándé tó ń ta sìmẹ́ńtì, tí ọmọ tirẹ̀ náà wà níbẹ̀, ní kò ṣeé ṣe, ilẹ̀ Yorùbá nìyí. Sẹ̀nàmi, ọmọ Ègùn tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Ìníolúwa, ti ń kọ́ orin tirẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ló bá sunkún, kò wá sílé ìwé mọ́. Ó dùn mí gan-an. Ìyáàfin Ọláníyan, ọ̀gá wọn, ní kí àwa òbí dìbò.

Mo tẹ̀ka sí ti Sẹ̀nàmi. Ṣùgbọ́n Ṣóbándé ti dọ̀bálẹ̀ kí mi láàárọ̀, àgbà kì í sì í gbọ́ ìkíni kó má jẹ́ ẹ, ni mo bá tẹ̀ka sí tirẹ̀ náà. Wọ́n kà á, ogún sí ogún, bébà kan bàjẹ́. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ pariwo pé ta ni olórí burúkú tó ba ìbò jẹ́! Nígbà tí mo sọ pé ibi méjì ni mo tẹ̀ka sí, ọ̀gá wọn rọra ṣàlàyé fún mi pé ìdìbò kì í ṣe ìkíni, ó ní ká tún un dì ní Mọ́ńdè. Títí di ọjọ́ náà, mi ò fọ àtàǹpàkò mi, kí ìbò mi má baà bómi lọ. Ṣíbí ni mo fi jẹ ẹ̀bà.

Ní Mọ́ńdè, mo tẹ̀ka síbì kan ṣoṣo, ti Sẹ̀nàmi, a sì fi ìbò kan borí! Mo gbé iṣu lọ kí Ṣóbándé, torí ìbò tán, ìkíni ò tán. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ òun ti ń kọ orin Sẹ̀nàmi ní balùwẹ̀.

Jọ̀wọ́, fi owó bàtà Ìníolúwa àti ti Sẹ̀nàmi ránṣẹ́. Má fi sínú fóònù mọ́ o. Èyí tí o ní o fi síbẹ̀ lóṣù tó kọjá, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, bátìrì nìkan ni mo bá.

Sẹ̀nàmi ti padà sílé ìwé. Ó ti kọ́ Ìníolúwa ní èdè wọn, láràárọ̀ ni ọmọ rẹ ń kúnlẹ̀ fi Ègùn kí mi. Mi ò mọ̀ bóyá àdúrà ni tàbí èébú, àmín ni mò ń ṣe. Kí Ọlọ́run gbọ́ tìrẹ náà, ní èdè yòówù tí o bá fi ké pè é.

Èmi ni ìyá rẹ,
Adéjọkẹ́.