Ìkẹ́dùn lórí Ikú Dahabo Rooble, Ẹni Tó Ń Wẹ Òkú Àwọn Obìnrin Wa

Láti ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Mùsùlùmí Orsby, Nebraska, láti ọwọ́ Guled Hirsi, akọ̀wé ẹgbẹ́.

Sí Bile Samatar, ọkọ olóògbé, àti àwọn ọmọ rẹ̀, Idil àti Liban.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Èrèlé ọdún yìí, bí ilẹ̀ ti ń mọ́, Dahabo Rooble dákẹ́ ní ilé ìwòsàn Orsby. Àìsàn kíndìnrín ni. Yìnyín ti ń bọ́ láti àná rẹ̀, ìjọba sì ti ti ọ̀nà tó lọ sí ìlú ńlá Omaha pa. Ọkàn tó wúwo ni ẹgbẹ́ yìí fi gbọ́ ìròyìn náà, ọkàn ọ̀hún kò sì tíì fúyẹ́ títí di bí a ti ń kọ ìwé yìí.

Ẹ̀gbọ́n wa Bile, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Idil, Liban, ẹ kú ọ̀fọ̀ ìyá. A mọ̀ pé ìwé kì í gbé òkú dìde. A kọ ọ́ nítorí pé kò yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ẹnìkan sọ ohun tó ṣe.

Ẹni tí kò bá mọ ìyá yín ní ìlú yìí, ikú kò tíì dé ilé rẹ̀ ni. Láti ìgbà tí àwọn Sòmálíà àkọ́kọ́ ti dé síbí láti ṣiṣẹ́ ní ilé ẹran, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa màlúù, òun ló ń wẹ òkú àwọn obìnrin wa. Eeddo ni tọmọdé tàgbà ń pè é, bí ènìyàn ti ń pe ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀ obìnrin. Bí obìnrin bá kú, obìnrin ló gbọ́dọ̀ wẹ̀ ẹ́, àfi bí ọkọ rẹ̀ bá lè ṣe é, nítorí náà Eeddo Dahabo ni gbogbo wa ń ránṣẹ́ pè. Ọwọ́ ìyá ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ ní ìlú Baidoa ní Sòmálíà. Ó tún ṣe é ní Kenya, ní ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé, níbi tí alààyè pàápàá kì í ti í rí omi wẹ̀. Ó sọ fún mi nígbà kan pé ọjọ́ kan wà níbẹ̀ tí òun fi iyanrìn ṣe ìwẹ̀ fún òkú ọmọ ọwọ́, torí pé omi kò sí rárá.  

Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ń fún wa ní mọ́ṣúárì Orsby. Níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń lọ́ omi sí ìwọ̀n tí ọmọ ìkókó fi ń wẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ sọ fún un pé, “Màmá, ẹni tó ti kú kò mọ òtútù mọ́.” Ó dá a lóhùn pé, “Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé omi gbígbóná wá.” Gẹ́gẹ́ bó ti sọ fún mi, apá ọ̀tún ló ń kọ́kọ́ wẹ̀, yóò di irun sí ọ̀nà mẹ́ta, yóò fi kàfúrà olóòórùn dídùn sí omi ìkẹyìn, yóò sì máa bá òkú sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: “Yí sí mi díẹ̀, ọmọ mi, ó kù díẹ̀.”

Ohun tó bá rí lára òkú, inú rẹ̀ ló ń gbé. Ìgbà kan wà tí ìlú ń sọ ìsọkúsọ nípa ikú ìyàwó ilé kan. Àwọn obìnrin méjì gbé ife tíì lọ bá a nílé kí wọ́n lè gbọ́ nǹkan. Ó mu tíì náà tán, ó nu ẹnu, ó ní, “Tíì yín dùn. Ṣúgà ló pọ̀ díẹ̀.” Ohun tí wọ́n gbọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ọdún tí ilé ẹran kọ̀ pé a kò gbọdọ̀ kúrò nídìí iṣẹ́ láti kírun Mọ̀gàríbì nínú oṣù ààwẹ̀. Àwọn kan nínú wa ti ń yọ́ kírun náà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ní ibi tí kò yẹ kí ènìyàn ti dárúkọ Ọlọ́run. Dahabo, tó ń bá wa gé ẹran níbẹ̀, ló bọ́ ìbọ̀wọ́ tó lọ bá ọ̀gá. Ó ní, “Ọ̀gá, mi ò ní kí ẹ dá ẹ̀rọ dúró. Màlúù yìí ti kú, kò ní sá lọ. Ẹ kàn jẹ́ kí ẹnìkan bá mi di ọ̀bẹ mú.” Gbogbo ìdí iṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n lé òun àti àwọn tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, wọ́n pe púpọ̀ nínú wọn padà, wọn kò pè é. Ilé ìtura ẹ̀gbẹ́ títì ló ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí àìsàn fi dá a dúró.

Ní ìgbà ìrúwé èṣí, nígbà tí a tọrọ àyè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìlú láti sọ ilẹ̀ tí a rà lẹ́yìn ìlú di itẹ́ òkú, ó wà nínú gbọ̀ngán. Ọkùnrin kan dìde, ó ní, “Àwọn wọ̀nyí kì í lo pósí. Omi kànga wa ńkọ́?” Dahabo fi ọ̀pá tẹlẹ̀ dìde. Idil ló dúró tì í tó ń túmọ̀. Idil kò bo orí, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń wo irun rẹ̀ dípò kí a gbọ́ ohun tó ń sọ. Ohun tó ń sọ nìyí: “Ọ̀gbẹ́ni, ìyá mi ní òun ló ń wẹ̀ wọ́n. Ó ní wọ́n mọ́ ju òun àti ẹ̀yin lọ.” Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ìgbìmọ̀ dìbò, wọ́n sì kọ̀ fún wa. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé Omaha, níbi tí itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí wà, ni ìyá yín sùn sí, láàárín àwọn tí kò mọ̀.

Kì í ṣe pé kò fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ iṣẹ́ náà. Ó ń pe àwọn ọmọbìnrin wa sí yàrá abẹ́ mọ́sáláṣí ní ọjọ́ Àìkú, ó máa ń ká bùláńkẹ́ẹ̀tì bí ènìyàn tó sùn sílẹ̀ láti fi kọ́ wọn. Àwọn ìyá wọn ní, “Eeddo, ẹ jẹ́ kí wọ́n jáde ìwé ná.” Òmíràn ní, “Ẹ̀rù ń ba tèmi, kò ní sùn lóru.” Ọmọ kan tó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ní, “Màmá àgbà, ó wà lórí fóònù, a máa wò ó níbẹ̀.” Ó ní, “Ẹ máa wò ó. Fóònù ò ní ọwọ́.” Nígbà tó pẹ́, ó ká bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ sílé.

Àwọn àgbà obìnrin tó ń tẹ̀ lé e wọ mọ́ṣúárì kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n ń pọn omi fún un, wọ́n ń gbé aṣọ funfun lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti ṣí aṣọ lójú òkú, gbogbo wọn á kọjú sí ògiri. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n kà á sí fún ẹni tó lọ, a sì ń yìn wọ́n fún un. Ìwẹ̀ tí wọ́n wà níbẹ̀ kò lóǹkà. Kò sí èyí tí wọ́n rí.

Bí ọ̀ràn ọjọ́ kẹtàlá ti rí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n Bile, ẹ̀yin tí ẹ̀tọ́ wà fún, apá yín kò gbé nǹkan láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú yín. Ó ku Idil, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, tó ti Denver wá jókòó ti ibùsùn rẹ̀. Màmá Shukri, tó jẹ́ àgbà láàárín àwọn obìnrin wa, dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣúárì. Ó ní, “Orí tìrẹ tí o ò bò láti ọjọ́ yìí wá ńkọ́? Ọwọ́ yẹn lo fẹ́ fi wẹ ìyá rẹ? Dúró síta, jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe é.”

Idil ti so gèlè mọ́rí. Ó ní, “Ìyá mi ni, Màmá Shukri. Ẹ jẹ́ ká jọ wọlé. Ẹ ṣáà sọ ohun tí mo máa kọ́kọ́ ṣe fún mi.”

Màmá Shukri ya ẹnu láti sọ ọ́, ó wá rí i pé òun náà kò mọ̀ ọ́n. Ó wo Kaltun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó ń pọn omi fún ìyá yín. Kaltun wo ilẹ̀.

A pe àwọn obìnrin tó ń wẹ òkú ní Omaha lórí fóònù. Wọ́n ní, “Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ má bà á jẹ́. Ẹ dúró dè wá.” A dúró. Ẹ̀sìn wa ní kí á yára sin òkú, ṣùgbọ́n inú yàrá tútù ni ìyá yín wà títí wọ́n fi ṣí ọ̀nà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọkọ̀ tó gbé e ṣáájú dé. Ọkọ̀ tí Idil wà nínú rẹ̀ há sínú yìnyín lọ́nà, nígbà tó sì fi débẹ̀, wọ́n ti ń so aṣọ funfun lókè orí. Àwọn tó wẹ̀ ẹ́ ṣe é dáadáa, Ọlọ́run á san án fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn jáde wá bi wá pé, “Kí lorúkọ rẹ̀?”

Idil, Lèmọ́mù wa ti sọ ọ́ lórí mínbárì ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ tó tẹ̀ lé e pé ìwọ ni ẹ̀tọ́ náà tọ́ sí, àti pé kò sí ẹni tó láṣẹ láti gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ẹgbẹ́ yìí fara mọ́ ọn, a sì bẹ̀ ọ́. Màmá Shukri náà wá sí ọ́fíìsì fúnra rẹ̀. Ó ní, “Kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo bẹ̀ ẹ́. Má jẹ́ kó gùn.” Mo kọ ọ́ bó ti wí.

Ẹ̀gbọ́n Bile, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò máa gbé yín wá sí Jímọ̀ọ̀, oúnjẹ alẹ́ yín kò sì ní wọ́n. Bí ọdún ààwẹ̀ àti ti iléyá bá ti dé, a ó máa lọ sí ibojì rẹ̀ ní Omaha. A ó tún tọ ìgbìmọ̀ ìlú lọ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà. A kò lè ṣèlérí ohun tí wọn yóò sọ. A ti kéde pé àwọn obìnrin Omaha fẹ́ wá kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa ní ìwẹ̀ òkú. Títí di òní, kò sí ẹni tó ní òun yóò wá.

Kí Ọlọ́run Ọba Aláàánú foríjin Dahabo Rooble, kí Ó fẹ ibojì rẹ̀, kí Ó tan ìmọ́lẹ̀ sí i, kí Ó sì fi ọwọ́ tó rọ̀ gbà á. Kí Ó tu ẹ̀yin tó fi sílẹ̀ nínú, kí Ó fún yín ní sùúrù tí ènìyàn kò lè fún yín. Àmín.

Lónìí, bí obìnrin Mùsùlùmí bá kú ní Orsby, kò sí ẹni tí yóò wẹ̀ ẹ́.