Òwú Ni Mo Wí, Kì Í Ṣe Òwu

Adigbe, Abẹ́òkúta

Moyọ̀sọ́rẹ ọmọ mi,

Ẹ kú òtútù ibẹ̀ o, ìwọ, ọkọ rẹ àti ọmọ tuntun wa. Gbogbo ilé ń kí yín. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti wálẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọwọ́ ọ̀tún tó ń dùn mí náà ti ń gbọ́ràn, ni mo bá tún gbé abẹ́rẹ́ ìhunṣọ.

Òwú tí n óò fi hun nǹkan fún ọmọ rẹ ni mo fẹ́ kí Dámiláre àbúrò rẹ rà wá, ni mo bá tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù: "Owu o, jọ̀ọ́, kíákíá." Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sí i. Ó gun ọ̀kadà, ó di Òwu! Ló bá pè mí: "Mọ́mì, mo ti dé Òwu o. Ilé ta ni kí n yà sí?"

Kó tó padà dé, ara mi ò gbà á mọ́. Mo gbé súwẹ́tà bàbá yín jáde, èyí tí mo ń hun lọ́wọ́ nígbà tó fi wá sílẹ̀, tó ku apá kan. Mo tú u. Mo rò pé n óò sunkún ni, àmọ́ orin ni mo bá lẹ́nu mi. Òwú náà ti di fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ rẹ.

Bí wọ́n bá tóbi, má bínú, yóò dàgbà bá wọn. Ṣáà ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Olúwa á dá yín sí.

Bàbá yín ò rí òwú yìí wọ̀. Ọmọ rẹ á wọ̀ ọ́ gbó.

Èmi ni,
Ìyá rẹ