Ọjọ́ Tí Fóònù Kò Gbọdọ̀ Dún

Ojúlé 418, Òpópónà Pecan,
Selma, Alabama.
Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Odessa, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé òkun ti gbà ọ́ lálejò, àbí inú rẹ ṣì ń rú? O kú iṣẹ́ ìlú, ìwọ àti gbogbo ọmọ ogun ojú omi tí ẹ jọ wà nínú ọkọ̀ yẹn. Orúnkún tí o fi gbá àkàbà ńkọ́? Ṣé ó ti san? Àwa níhìn-ín wà. Ẹsẹ̀ tó ń dun Mọ́mì ti rọlẹ̀ díẹ̀, ẹnu wọn nìkan ni kò tíì sinmi. Ọ́ńkù Hosea, bàbá rẹ, náà ń ṣe dáadáa. Wọ́n ṣì máa ń gẹ irun oníbàárà dé ìdajì, kí wọ́n dá ọwọ́ dúró kí wọ́n lè parí ìtàn. Lẹ́tà rẹ ti oṣù Keje dé ọwọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bóyá ẹsẹ̀ ni wọ́n fi gbé e wá, mi ò mọ̀. Mo tètè fèsì torí bí mo bá ní kí n dúró de ìgbà tí ọwọ́ mi máa dilẹ̀, wàá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́.

O béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ Kendrell já sí. Mo mọ̀ pé o fẹ́ gbọ́ òpin rẹ̀ kíákíá. Àmọ́ wọ́n jẹ́ kí èmi dúró, ìwọ náà á dúró.

O rántí pé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá tó ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́mú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń ṣa ọmọ nínú oṣù Kẹrin, kò sẹ́ni tó dárúkọ Kendrell àbúrò mi, ọmọ tó ń sáré bí ẹni tí oyin ń lé. Ẹ̀yìn tí ọjà ti tú ni ẹgbẹ́ kan lókè àríwá pè é pé kó wá dán ara rẹ̀ wò ní ibùdó wọn. Àádọ́rùn-ún ọkùnrin ni wọ́n kó jọ síbẹ̀, mẹ́tàléláàádọ́ta péré ni wọ́n máa mú. Ahánbọ́ọ̀lù ni Kendrell: kó sáré síwájú, kó já ẹni tó ń ṣọ́ ọ sílẹ̀, kó sì hán bọ́ọ̀lù lófuurufú kó tó kan ilẹ̀. Tí kò bá ti hán an, kò níṣẹ́.

Àwọn àgbà ibẹ̀ kì í kẹ́ ẹni tuntun. Bí ìdánrawò bá ti parí, òun ni ń ru akoto àti ìhámọ́ra èjìká wọn wọlé bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní kó gun orí àga níbi tí wọ́n ti ń jẹun, kó kọrin fún gbogbo ẹgbẹ́. Ó mú orin ìjọ wa, ó sì gbàgbé ẹsẹ kejì, ọmọ tó lo ọdún méje nínú ẹgbẹ́ akọrin Mọ́mì! Wọ́n ju búrẹ́dì lù ú. Mo ní kó má sọ fún Mọ́mì, ó ti sọ. Mọ́mì ní búrẹ́dì ti kéré jù, ìkòkò ló tọ́ sí i.

Nínú ìdíje ìdánwò kejì, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo já bọ́ọ̀lù kan gbà lófuurufú, ó sì gbé e sáré dé òpin pápá, ó di ayò. Bàbá rẹ tó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n fi oníbàárà sílẹ̀ lórí àga, wọ́n jó jáde sí títì. Nínú ìkẹta, bọ́ọ̀lù tí ìyá àgbà wa lè mú wá bá a láyà gbọn-in, ló bá bọ́ sílẹ̀. Ohun tí ọ̀kan kọ́, èkejì wó o. Báyìí ló ṣe wà láàárín méjì títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí wọ́n ń gé orúkọ.

Gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí wọ́n bá fẹ́ lé ọ, wọ́n á pè ọ́ lórí fóònù pé kó o máa bọ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́, kó o mú wàláà ẹ̀rọ tí ètò eré wọn wà nínú rẹ̀ dání. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò bá dún títí di aago mẹ́ta ọ̀sán ti wọlé nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń pè láti kí ọ kú oríire. Èmi tí mo kàwé òwò ní Atlanta, mi ò rí ilé iṣẹ́ tó ń gbà báyìí gba èèyàn rí.

Ṣùgbọ́n ètò ni ètò. Mo pe ìpàdé ẹbí lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú. Mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe Kendrell lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo sì pín ìkìlọ̀ náà fún èèyàn mẹ́rìnlélógún. Mo gba fóònù Mọ́mì, mo tì í mọ́ inú ọkọ̀ mi. Bàbá rẹ béèrè bóyá mo máa di ẹnu àwọn ajá àdúgbò náà.

Ohun tí mi ò sọ fún wọn nìyí. Láti oṣù Keje ni mo ti ń bẹ Kendrell kó wá ilé gbé lọ́hùn-ún, kó kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì. Ó ní ó di ẹ̀yìn ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ta ni ilé ń dúró dè? Mo bá wá ilé kan fún un láti ibí, mo fún obìnrin tó ń bójú tó ilé náà ní nọ́ńbà Kendrell, mo ní kó pè é nígbàkúgbà tó bá rọrùn fún un. Nígbà tí mo ń pín ìkìlọ̀, mo gbàgbé rẹ̀ pátápátá: orúkọ obìnrin yìí kò sí lára àwọn mẹ́rìnlélógún.

Gbogbo wa wà nílé Mọ́mì lọ́jọ́ náà, a ń jẹ ẹja díndín àti búrẹ́dì àgbàdo. Ní aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú, fóònù mi dún. Obìnrin tó ń bójú tó ilé yẹn ni. Ó ní òun ti pe àbúrò mi lẹ́ẹ̀mejì, kò gbé e. Mọ́mì kàn wò mí lójú lẹ́ẹ̀kan, mo sì jẹ́wọ́.

Mọ́mì rọra béèrè: "Verlene, ṣé ẹgbẹ́ ló lé ọmọ mi ni, àbí ìwọ?"

Bàbá rẹ ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ó ti rí ilé fún un. Iṣẹ́ ló kù."

Mo ní kí n pè é, kí n là á yé e. Mọ́mì gba fóònù lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní òfin tèmi ni, kí n jókòó tì í. Bó bá tún gbọ́ kó dún lẹ́ẹ̀kan sí i, ọkàn rẹ̀ á já.

Lọ́hùn-ún, orí ìrọ̀rí ni Kendrell gbé fóònù lé tó ń wò ó. Bó ṣe rí i pé nọ́ńbà ìlú tí ẹgbẹ́ náà wà ló ń pè, kò gbé e. Ó ní òun ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Ó di ẹrù rẹ̀, ó mú wàláà, ó sọdá títì, ó gbé e sórí tábìlì olùkọ́ wọn, Dombrowski, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tó rí ewúrẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ta ló pè ọ́?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Mi ò kàn gbé e ni."

"Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń lé èèyàn, mi ò rí ẹni tó wá lé ara rẹ̀ rí. Lọ jókòó síta. Aago mẹ́ta kò tíì lù."

Odessa, kì í ṣe pé ó ti wọlé tán o. Òun àti ahánbọ́ọ̀lù kan ni àyè kan ṣoṣo tó kù wà láàárín wọn, àwọn ọ̀gá ṣì ń jiyàn lé e lórí lókè. Kendrell jókòó sórí bẹ́ǹṣì tòun ti ẹrù rẹ̀. Àwọn tí wọ́n pè lóòótọ́ ń kọjá, wọ́n ń gbá a léjìká pé kó mú un mọ́ra. Ó ń dá wọn lóhùn pé kí àwọn náà mú un mọ́ra.

Aago mẹ́ta lù nílé wa. Ní mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá, fóònù mi dún lọ́wọ́ Mọ́mì, wọ́n sì ṣí ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Mọ́mì," ni Kendrell wí, "wọ́n dá wàláà mi padà fún mi."

Bàbá rẹ fi aṣọ ìnuwọ́ bo ojú, wọ́n ní òógùn ni. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, a gbọ́ pé olùkọ́ ti sọ fún un kó dé ìpàdé ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, pé bọ́ọ̀lù tó bá tún bá a láyà tó bọ́, òun fúnra òun ló máa pè é, kó sì rí i pé ó gbé fóònù náà. Kendrell ní kí wọ́n gbé fóònù fún mi. "Sístà mi, ẹ ṣé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín ìrànlọ́wọ́ kù." Ilé náà sì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo ti ń wá òmíràn. Má sọ fún un.

Lọ́jọ́ Ẹtì ó fi àwòrán kan ránṣẹ́. Tẹ́ẹ̀pù tí wọ́n fi bírò kọ orúkọ rẹ̀ sí lókè àpótí aṣọ rẹ̀ látọjọ́ yìí, wọ́n ti bó o kúrò, wọ́n kan pákó dídán tó ní orúkọ ìdílé wa mọ́ ọn: PETTWAY. O mọ̀ pé ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni bàbá wa fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ pépà, tó jẹ́ pé nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè é títí ó fi kú. Mọ́mì wọ gíláàsì, wọ́n wo àwòrán náà títí tí mo fi rò pé wọ́n ti sùn.

Wọ́n ní, "Orúkọ bàbá rẹ̀ ni wọ́n kàn mọ́bẹ̀ yẹn. Sọ fún un kó má fi ìbọ̀sẹ̀ tó ń rùn kọ́ ọ."

Bá mi kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, àti alásè yín tó ń jó ẹyin. Tọ́jú orúnkún yẹn, kó o sì kọ̀wé padà kíákíá.

Èmi ni tìrẹ tọkàntọkàn, bí mo tilẹ̀ ń kánjú,
Verlene.