Kọmíṣánnà àti Wúfà

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Ẹrẹ́nà
Wúfà ti wọlé. Àpótí sípíkà dúdú, ó sanra bí ẹni tó jogún. Ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ, èyí tí ara ń gbọ́ kí etí tó gbọ́. Ọ̀gá Yìnyín ló gbé e gun àtẹ̀gùn wá — ọkọ ọmọ mi, tó ń tún fíríìjì ṣe. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin àti ariwo, ní ọjọ́ orí yín?" Mo ní kó kọ́kọ́ mí ná.

Mi ò sọ ìdí fún un. Ìwé, ìwọ ni màá sọ fún. Kọmíṣánnà ni. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ obìnrin yìí ló ti ń ké láti kíṣìnnì pé, "Ẹ dín in kù." Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ní Kọmíṣánnà Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nìyẹn. Láti èṣí ni etí rẹ̀ ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Dókítà fún un ní nǹkan kékeré kan pé kó fi sétí. Ó ní ó ń súfèé sí òun, òun sì ti kọjá ẹni tí wọ́n ń súfèé sí. Inú agolo bọ́tìnnì ló wà báyìí. Mo yí ohùn ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì sókè títí, ó kọjá níwájú mi bí ẹni ń kọjá lẹ́bàá ògiri. Kò jókòó ní pálọ̀ mọ́. "Kí ni mo fẹ́ wá wò níbẹ̀? Ẹnu yín tó ń mì?" Òun àti abẹ́rẹ́ ìránṣọ rẹ̀ ló kù ní iyàrá.

Ṣùgbọ́n bí tírélà bá kọjá ní títì, á gbé ọwọ́ lé tábìlì, á ní, "Tírélà nìyẹn." Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti wá.

Ọjọ́ Àìkú, 2
A so ó. Wáyà láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀yìn wúfà. Ó ń kùn bí oyin. Ọ̀gá Yìnyín bú wúfà, ó bú iná, ó bú ẹni tó tà á. Wáyà ni kò wọlé dáadáa. Èmi ni mo tì í wọlé. Mo bá a bú ẹni tó tà á.

Lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, àrá. Lórí àga Kọmíṣánnà, kò sí nǹkan kan. Ọ̀gá Yìnyín ní ká gbé wúfà sórí àga ìyá, ká wá máa rákò yí pálọ̀ ká. Ibi tí ohùn bá ti kún jù, ibẹ̀ ni ká gbé e sí. Mo rò pé ọmọ yìí ń gbẹ̀san ni. A rákò. Àgbà méjì, ìdí lókè.

Kọmíṣánnà yọ. "Kí ló sọnù lọ́wọ́ yín?" Ó rí wúfà. "Ta ló fi eléyìí jókòó sáyè mi?" Mo ní ìyàwó kékeré ni, kó ṣe sùúrù pẹ̀lú rẹ̀. Kò gbọ́. Ó padà síyàrá. Ẹ̀fẹ̀ tó dùn tó yẹn, ó ṣègbé. Ọ̀gá Yìnyín rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo sọ ọ́ fún.

Abẹ́ fèrèsé la gbé e sí nígbẹ̀yìn. Ohùn dé orí àga. Bàtà mi tó ń gbé ibẹ̀ kó jáde fún un.

Ọjọ́ Ajé, 3
Orúnkún.

Ọjọ́rú, 5
Ohùn ti kú lórí àga. Mo pa sípíkà kéékèèké ara ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì, wúfà ń bú ramúramù. Mo pa wúfà, sípíkà ń kọrin. Kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ — ohùn ìsàlẹ̀ á pòórá. Mo fóònù Ọ̀gá Yìnyín. Ó bi mí nípa bọ́tìnnì kékeré tó wà lẹ́yìn wúfà. Mo ní mo ti lẹ̀ ẹ́ pa. Ó ní, "Ẹ lẹ kí ni, Bàbá?"

Lára bọ́tìnnì náà, òfo wà lápá kan, ọgọ́sàn-án wà lápá kejì. Ta ló máa fi ọgọ́sàn-án sílẹ̀ gba òfo? Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà lọ́jọ́ Àìkú ni mo tì í sí ọgọ́sàn-án, mo fi téèpù dè é kí ẹnikẹ́ni má bàa rẹ́ wa jẹ. Ó ṣàlàyé, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra: kì í ṣe agbára ni. Bí sípíkà bá ń ti afẹ́fẹ́ síta, wúfà ń fà á wọlé, wọ́n ń ba iṣẹ́ ara wọn jẹ́. Bí èmi àti Kọmíṣánnà tí a bá ń gbé bẹ́ẹ̀dì.

Mo ṣí téèpù. Mo dá a padà sí òfo. Pákó ilẹ̀ dáhùn lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo pe Kọmíṣánnà sí pálọ̀. Mo fọwọ́ júwe, mo kọ ọ́ sí bébà, mo jó. "Ẹ jẹ́ kí n sinmi," ló wí. Kò tilẹ̀ bínú. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Gílóòbù iyàrá kú lójijì. Ohun ìyanu — mo tú u díẹ̀ ni. Igi aládùúgbò ló sì dí fèrèsé ibẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Ó gbé aṣọ tó ń rán wá sí pálọ̀, ó ń kùn nípa iná. Ó jókòó sórí àga rẹ̀. Kò wọ bàtà. Mo ti fi kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sínú ẹ̀rọ, èyí tó kórìíra jù. Mo yí i sókè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí olè tó ń ṣílẹ̀kùn.

Abẹ́rẹ́ dúró. Ó wo ilẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé apá àga. Ó wò mí — mo ti sá sẹ́yìn ìwé ìròyìn. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó, lẹ́yìn náà gbogbo ẹsẹ̀.

Mo tún yí i sókè.

"Bàbá, ẹ dín in kù. Ṣé ẹ fẹ́ wó ilé lé wa lórí ni?"

Mo ń ka ìwé ìròyìn. Mi ò gbọ́. Ó tún un sọ. Adití ni mí. Ìgbà tó ṣe, róòlù òwú bà mí níwájú orí.

Mo dín in kù, bíńtín. Ó ní ẹni tí ò ní ìtìjú ni mí. Ó padà sídìí aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dúró.

Mi ò tíì yí gílóòbù yẹn le padà.